Ìpín Sẹ́lò Nínú Orin Ottilie

"Mareike, ṣé ológbò lo tẹ̀ nírù ni?" Levin gbé fáolíìnì kúrò ní èjìká, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Lọ bi Ottilie," ni Mareike dá a lóhùn. "Ohun tó kọ ni mò ń ta."

Gbọ̀ngàn ìjọ wọn ní ìlú Görlitz ni àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́ta yìí ti ń dánra wò. Levin ń ta fáolíìnì, Jolanda ń tẹ dùùrù, Mareike gbé sẹ́lò, ìyẹn fáolíìnì ńlá tí ohùn rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀, sáàárín orúnkún. Ottilie Brandvogel, ọmọ pásítọ̀ kan, ló kọ orin náà. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tó ti kú, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tí wọ́n rí ìwé orin rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìjọ. Mareike ló da ìpín ti sẹ́lò kọ, ó ní òun mọ ìwé àtijọ́ kà.

Tíṣà wọn, Ọ̀gbẹ́ni Kretzschmar, mi orí. "Sẹ́lò kì í ké lókè fáolíìnì báyìí. Ó jọ pé ọmọbìnrin yẹn ò mọṣẹ́ tó. Abájọ tí wọ́n fi gbàgbé ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí a máa ṣeré fún ìjọ, ẹ jẹ́ ká ta orin mìíràn tí gbogbo èèyàn mọ̀. Mareike, ìwọ lo máa dá ta apá tó dùn jù níbẹ̀."

Inú Mareike dùn, nítorí ìyá rẹ̀ àgbà ń bọ̀ láti Dresden wá gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dá ìwé náà padà fún Ìyáàfin Hollweg, tó ń tọ́jú ìwé ìjọ.

"Ṣé o rántí sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ọmọ mi?" ni ìyá náà bi í. "Láyé ìgbà yẹn, bí wọ́n bá fi àmì fáolíìnì sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà orin tí wọ́n kọ fún sẹ́lò, ohùn mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó ti dún. Gbogbo wọn ló mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi ń kọ ọ́ síbẹ̀."

Mareike ò mọ̀ bẹ́ẹ̀; bó ṣe rí nínú ìwé ló ṣe dà á kọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ bí ó bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n Ottilie ò lè dìde láti ibojì wá gbèjà ara rẹ̀. Kò gba ilé lọ mọ́. Ọ̀dọ̀ tíṣà ló gbà lọ.

"Sà, èmi ni mo ṣì í kọ. Ottilie mọṣẹ́ ẹ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Kretzschmar bi í pé: "O mọ̀ pé bí a bá padà sí orin tiẹ̀, apá dídùn yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ó dáa. Lọ tún gbogbo ẹ̀ dà kọ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la. Èmi náà yára dá òkú lẹ́bi."

Lọ́jọ́ Sátidé, bí àwọn yòókù ṣe ń lọ wẹ̀ lódò, Levin yọjú lójú fèrèsé. "Ọ̀mọ̀wé ìwé àtijọ́, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Máa lọ, kí ẹja gbé ẹ mì," ni Mareike wí, ó sì ń kọ̀wé lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, sẹ́lò rọra ń lọ nísàlẹ̀, bí ẹni tó di àkàbà mú kí ẹlòmíràn lè gùn ún. Nígbà tí orin parí, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá arúgbó kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ta ló kọ èyí?" Jolanda dárúkọ Ottilie. Bàbá náà pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

"Mi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn tìẹ," ni ìyá àgbà sọ.

"Ìsàlẹ̀ ni mo wà, Màmá."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọmọnìkejì wa ni àwọn òkú pẹ̀lú. Ẹni tó di ẹ̀bi ara rẹ̀ ru ẹni tí kò lè fọhùn ti jẹ́rìí èké. Ẹni tó jẹ́wọ́ lè pàdánù ìyìn díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ níwájú Ọlọ́run.