Ta Ló Yí Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀bùn Padà?

Nígbà tí Insipẹ́kítọ̀ Oyèwálé wọ ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Ìkìrun lọ́dún 1998, èèyàn méjì ló ń pariwo mọ́ra wọn lórí kọ̀ǹpútà kan. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá tábìlì.

"Ẹ dákẹ́ ná! Ta ni wọ́n pa?"

"Wọn ò pa ẹnikẹ́ni, sà," ni Tímótì, ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò, dáhùn. "Wọ́n yí ẹ̀jẹ̀ padà ni."

Tímótì ṣàlàyé. Aránṣọ kan láti Inísà, Ẹ̀bùn lorúkọ rẹ̀, fẹ́ ṣègbéyàwó ní ìjọ Aládùúrà. Wòlíì ní òun gbọ́dọ̀ mọ jínótáìpù tọkọtaya. AS ni ọkọ. Tímótì yẹ ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀bùn wò, AS ni òun náà, ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti di AA. Ó tún un ṣe. Ó tún di AA.

"Ìgbéyàwó wọn kan ìwọ báwo?" ni Oyèwálé bi í, kó lè mọ irú ẹni tó jẹ́.

"Sà, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Bí AS méjì bá fẹ́ra, ọmọ wọn lè jẹ́ fòníkú-fọ̀ladìde."

Ẹnì kejì ni Bólúwají, ọmọ Ìkìrun tó ń gbé Ìbàdàn. Òun ló fi Líńọ́ọ̀sì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, sórí àwọn ẹ̀rọ ilé-ìwòsàn náà.

"Ihò kan wà lóòótọ́, sà," ló wí. "Gbogbo ètò inú ẹ̀rọ yìí ló jọ ń yá irinṣẹ́ kan lò. Irinṣẹ́ yẹn ló ní ihò tí olè ń gba orí tẹlifóònù wọlé. Nígbà àkọ́kọ́ tí èsì yí padà ni mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Téèyàn bá ti tún ẹyọ kan yẹn ṣe, ó ti tún gbogbo wọn ṣe."

"Olè sì tún wọlé."

"Kò lè wọlé mọ́, sà."

"Ó ti wọlé!"

"Kò ṣeé ṣe, sà."

Oyèwálé nu ojú rẹ̀. Olè tó jí ewúrẹ́ dára ju èyí lọ. Ewúrẹ́ á kúkú ké. Ó yíjú sí Tímótì. "Ọjọ́ tó pààrọ̀ irinṣẹ́ yìí, kí lo rí?"

"Bólúwají ti yọ irinṣẹ́ àtijọ́ kúrò, ni díísì tí tuntun wà nínú rẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Gbogbo nǹkan dákú. Ọpẹ́lọpẹ́ ètò tó ń gba ìpè tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka wa ní Òkukù àti Inísà ń fi tẹlifóònù pè wá. Ìyẹn nìkan ló ń ṣiṣẹ́."

Oyèwálé wakọ̀ lọ sí Inísà. Ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ kò lè pe ẹnikẹ́ni. Wáyà tẹlifóònù wọn ti já kí wàhálà yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ó bá Ẹ̀bùn nídìí máṣíìnì ìránṣọ.

"Lánàá AS, lónìí AA," ni ọmọbìnrin náà wí, inú ń bí i. "Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ń pàwọ̀ dà bí ọ̀gà ni, sà?"

Ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Ọlásúnkànmí, ọmọ Òkukù ni, tíṣà ní Igbaye. Kò mọ kọ̀ǹpútà yàtọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n.

Ọkọ̀ Oyèwálé gbóná lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé Òkukù, àánú ara rẹ̀ sì ń ṣe é. Motọ́láyọ̀ ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Òun náà ló kọ ètò tó ń gba ìpè ní Ìkìrun. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó fún un lómi.

"Ṣé o mọ Ẹ̀bùn tí wọ́n ń yí èsì rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n rí, sà. Èsì tó ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá pọ̀."

"Ọjọ́ tí Bólúwají ń pààrọ̀ irinṣẹ́ ńkọ́?"

"Háà, gbogbo nǹkan ló dákú! Ètò tèmi náà ò dáhùn rárá." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n sà, ta ni AA ṣe níbi? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó wa ṣègbéyàwó ẹ̀ jẹ́jẹ́."

Oyèwálé gbé ife omi sílẹ̀. "Ti ilẹ̀kùn. À ń lọ sí Ìkìrun."

Ó ránṣẹ́ pe Ẹ̀bùn. Nígbà tí gbogbo wọn pé, ó kọjú sí Bólúwají.

"Bí gbogbo ètò bá ń yá irinṣẹ́ kan lò, tí o wá gbé irinṣẹ́ náà kúrò, èwo ló lè máa ṣiṣẹ́ lọ?"

"Kò sí, sà. Àfi..." Bólúwají dìde, ó lanu. "Àfi èyí tó ti gbé ti ẹ̀ mì! Bí wọ́n bá lẹ irinṣẹ́ pọ̀ mọ́ ètò nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, kò ní yá ti ìta mọ́."

Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó sì mi orí. "Ó wà nínú ẹ̀, sà. Ti àtijọ́, tòun ti ihò rẹ̀. Àtúnṣe mi ò kàn án rárá."

"Tímótì ní ètò yìí nìkan kò dákú," ni Oyèwálé wí. "Motọ́láyọ̀ tó kọ ọ́ ní ó dákú. Èéṣe tó fi purọ́? Nítorí kò fẹ́ ká mọ ibi tí ihò kù sí. Ó ní òun ò mọ Ẹ̀bùn rí, síbẹ̀ ó pè é ní 'ìyàwó wa'. Ará ìta kì í pe ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀. Kí ni Ọlásúnkànmí jẹ́ sí ọ?"

Motọ́láyọ̀ bú sẹ́kún. "Àbúrò mi ni, sà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti tú àfẹ́sọ́nà ẹ̀ méjì ká. Nígbà kejì, ó fẹ́ mu gámálíìnì kó lè kú. Ẹ̀rù bà mí, ni mo bá yí i."

"Àǹtí," ni Ẹ̀bùn wí, "Abọ́sẹ̀dé àbúrò mi, ẹ̀yìn mi ló kú sí, fòníkú-fọ̀ladìde ló pa á. Ẹ ò bi mí. Ẹ kàn fẹ́ kí n tún pọn òmíràn."

Ó ní òun fúnra òun ni yóò sọ fún wòlíì, ó sì jáde. Kọ́ńsítébù mú Motọ́láyọ̀ lọ.

Oyèwálé ti dé fìlà rẹ̀ kó tó rántí nǹkan kan.

"Bólúwají, ètò mélòó ló tún gbé irinṣẹ́ yẹn mì?"

Bólúwají họ orí. "Mi ò lè sọ, sà. Wọn kì í sọ fúnni. Àfi kí n ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì tún èyíkéyìí tó bá gbé e mì kọ́ láti ìpìlẹ̀."

"O sì ń fi gbogbo ẹnu wí fún mi láàárọ̀ pé kò ṣeé ṣe."

Ó pòṣé, ó fa àga, ó jókòó tì í.

"Ṣí àkọ́kọ́."