Ìfẹ́ Ò Ní Rẹfirí

Bọ́ọ̀lù tí Ọlọ́rundáre gbá ló dé inú abọ́ ọbẹ̀ tí Sikirat ń gbé lọ fún bàbá rẹ̀. Lọ́dún 1964 ni, lẹ́bàá pápá kan ní Òṣogbo. Ọbẹ̀ dà nù. Sikirat gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà, ó kọ̀ jálẹ̀, kò fún àwọn agbábọ́ọ̀lù.

"Jọ̀ọ́, arẹwà, a fẹ́ gbá kọ́nà."

"Ṣé kọ́nà ni bàbá mi máa fi jẹ ẹ̀bà?"

Ọlọ́rundáre rẹ́rìn-ín títí. Ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni, kò ní bàbá, kò ní ìyá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló gbé e dénú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Iléṣà. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìsinmi kan tí kì í wọ mọ́tò wá sí Òṣogbo. Ìfẹ́ ọmọge yìí kó sí i lórí pátápátá.

"Dáre mi," ni Sikirat ń pè é.

"Olólùfẹ́ mi, ìwọ nìkan ni mo ní láyé yìí."

Kò sí àgbà tó lè rán, ló bá dá lọ rí Bàbá Sàláúdéènì, alágbẹ̀dẹ góòlù nítòsí Ọjà Ọba, tó bí Sikirat. Ẹ̀rù bà á débi pé èdè ilé wọn ló jábọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Bàbá, o kú iṣẹ́ o. Sikirat ni mo wá tọrọ."

Háà! Ní Ìmẹ̀sí, bí ọmọ ṣe ń kí bàbá tó bí i nìyẹn, kò sí àrífín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa dán an wò ní Òṣogbo?

"Èmi lò ń bá sọ 'o'? Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí? Dìde ńbẹ̀! Mi ò lọ́mọ tí màá fún ọ."

Ẹ wo ohun tí bọ́ọ̀lù fi kọ́ ọmọ ènìyàn! Bí rẹfirí bá ti fun fèrè, Dáre kì í bá a jiyàn. Ó dìde, ó gbọn ara nù, kò tilẹ̀ dúró rí Sikirat. Ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn ti ń pè é tẹ́lẹ̀, ó sì lọ.

Ó gbá bọ́ọ̀lù débi tí àwọn èrò fi ń gbé e lérí. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ yẹ̀, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ṣùgbọ́n bí ariwo bá ti parí, òun àti sítóòfù rẹ̀ ni wọ́n ń wo ara wọn nínú yàrá. Ó dá wà, ó sì ń dùn ún.

Ní 1975, ó kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Òṣogbo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé ilé alágbẹ̀dẹ. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì.

"Ẹ káàsán, bàbá. Ọlọ́rundáre ni, ará Ìmẹ̀sí."

Bàbá gbórí sókè. "Dáre! Níbo lo gbà lọ? Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn tó o lọ tí ará Iléṣà kan fi là mí lójú pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń kí bàbá yín. Mo ń retí ẹ̀."

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò fún mi?"

"Sùbùhánà! Èwo ni bàbá ìyàwó tí kì í kọ́kọ́ kọ̀? Kó o padà wá bẹ̀ mí ni!"

Ara Dáre tutù. "Sikirat ńkọ́?"

"Ó dúró dè ọ́ títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi bímọ tán. Kánò lọkọ ẹ̀ gbé e lọ."

"Ṣé inú ẹ̀ ń dùn?"

"Ó ń gbìyànjú."

Dáre nà gbalaja sórí ilẹ̀, kò bìkítà fún orúnkún rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ti bọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ tí kò bẹ̀ lọ́jọ́sí ló fẹ́ bẹ̀. "Bàbá, ẹ dákun, mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi ní Sikirat."

Bàbá na ọwọ́ rẹ̀ káàkiri nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi kan orí Dáre. Omijé ti bo arúgbó lójú.

"Mo ti fún ọ, ọmọ mi," ó ní. "Mo ti fún ọ."