Iná Tí Kì Í Ṣe Iná Ilé

"Iná ilé wa nìyẹn," ni Natanine wí, ó sì dá alùpùpù yìnyín náà dúró lójijì. "Àbí ojú rẹ fọ́ ni?"

Aalasi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí òun àti Natanine jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, gbórí sókè lórí ọkọ̀ pákó tí alùpùpù náà ń wọ́. Ẹja tí wọ́n fi ọjọ́ méjì pa ló jókòó lé. Oòrùn ti wọ̀, òtútù sì ti pa ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà fún wọn. Níwájú, ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí sánmà ti pàdé yìnyín òkun tí wọ́n ń gbà kọjá, iná kan ń ṣẹ́jú: ó pupa, ó di àwọ̀ ewé, ó tún funfun.

Aalasi mọ̀ ọ́n. Àìmọye ìgbà ni Ìyá àgbà Uviluq ti nàka sí i fún un láti ojú fèrèsé ilé ìdáná. "Singuuriq nìyẹn, ìràwọ̀ tó ń gbọ̀n. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ nípọn, ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ṣíbí ṣe ń dà bí èyí tó kán nínú ife tíì. Afẹ́fẹ́ náà tún máa ń gbé e ga ju ibi tó wà lọ. Ìràwọ̀ òkè ni kó o bá rìn. Òpùrọ́ ni ti ìsàlẹ̀."

Ìdí tó fi jókòó pàápàá ń sọ fún un pé wọ́n ti yà kúrò lọ́nà. Ó yẹ kí ebè yìnyín tí atẹ́gùn kọ máa gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ ọkọ̀ ti ń yọ̀ geere láti ìṣẹ́jú mélòó kan.

"Bọ̀ọ̀dá, ó dà bíi pé..."

"Ó dà bíi pé kí ni? Ìrù Ìyá àgbà. Arúgbó kékeré ni gbogbo kíláàsì yín ń pè ọ́. Ṣé kí n tún lọ ro tòní fún wọn?"

Yóò rò ó. Ó ti ro irú rẹ̀ rí, wọ́n sì fi Aalasi ṣe yẹ̀yẹ́ fún odidi oṣù kan. Aalasi gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Kò sí nǹkan kan, Bọ̀ọ̀dá."

Natanine dorí alùpùpù kọ iná náà. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí yìnyín fi dún kẹ̀. Ibi tí omi ti ń sáré lábẹ́ ni, ibi tí gbogbo ìlú ń yà fún. Alùpùpù rì. Natanine fò, àmọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wọ omi dé orúnkún. Aalasi fi ọ̀bẹ ẹja gé okùn ọkọ̀ pákó, ó sì fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Iná náà ṣì ń ṣẹ́jú níwájú, kò fi ìka kan sún mọ́ wọn.

Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi rìn délé, ìràwọ̀ òkè ní èjìká òsì.

Ní ilé ìwòsàn, Leah, ìyá Natanine, dúró sí ẹnu ọ̀nà, kò jẹ́ kí Aalasi wọlé.

"Kí lo rò pé iná yẹn jẹ́?"

"Singuuriq ni, mà."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Láti ìgbà tí a ti rí i. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Yẹ̀yẹ́." Leah yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó nàka sí bẹ́ẹ̀dì. "Wọlé. Bá mi ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tó kù."

Méjì ló kù; òtútù ti pa ìyókù, dókítà sì ti gé wọn. Natanine kọ ojú sí ògiri.

Ẹ̀yin ọmọ, àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ìràwọ̀ kò mọ̀ pé òun ń parọ́. Afẹ́fẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Aalasi ló mọ òtítọ́, tó gbé e mì. Yẹ̀yẹ́ kò gé ìka ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni rí. Ìdákẹ́ ló gé ti Natanine.