Ìbéèrè Tí Mo Bá A Dáhùn

Aago ilé ìtajà oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ ni ọmọbìnrin kan gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń tún aago ṣe. Aago ògiri ni, ó tóbi, ó gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

"Kí ló ṣe é?" ó bi mí.

"Eruku."

"Eruku nìkan? Ibo ni eruku gbà wọ ohun tí wọ́n fi dígí bò? Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ kì í fà á símú?"

Mo tú aago náà palẹ̀. Ó dúró tì mí, ó ń béèrè. Kí n tó tò ó padà, ó ti mọ iṣẹ́ gbogbo ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ kó tó jáde. Oṣù mẹ́rin ni mo fi pa ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú.

Aláròyé ni àdúgbò ń pè é. Òun náà fún mi lórúkọ: Dákẹ́.

"Dákẹ́ mi," ó wí lọ́jọ́ tí mo sọ fún un níkẹyìn pé mo fẹ́ fi í ṣe ìyàwó, "mo ti rò pé màá kọ́kọ́ hu ewú ni."

Iṣẹ́ olùkọ́ wù ú. Ilé ẹ̀kọ́ kan wà ní ìrìn ọjọ́ kan sí wa. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kọ́ni. O lè lọ gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. O sì lè dúró sílé, kí wọ́n máa fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ, kí ìwọ náà máa fi ìdánwò ránṣẹ́ padà.

Ìyá mi gbọ́. Èmi nìkan ló bí, ilé rẹ̀ ni mo sì ń gbé.

"Bó bá kàwé nílé, ìyàwó wa ni," ó ní. "Bó bá lọ, kó máa lọ pátápátá. Ọmọ mi ò ní fẹ́ ojú ọ̀nà níyàwó."

Bàbá Aláròyé náà gbè ìyá mi lẹ́yìn. "Ìyá ọkọ ti sọ̀rọ̀. Kí lo tún fẹ́ gbọ́?"

Ilé ẹ̀kọ́ fi ìwé ìbéèrè kan ránṣẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi yẹ ara rẹ̀ wò kó tó yan ọ̀nà tó bá a mu. Orí tábìlì iṣẹ́ mi ló ti kà á jáde.

"'Ǹjẹ́ o lè jókòó ti ìwé fún wákàtí méjì láìsí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀?'"

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní.

"'Bí nǹkan bá rú ọ lójú, ǹjẹ́ o lè fúnra rẹ wá ojútùú rẹ̀?'"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé èmi ni wọ́n ń bi àbí ìwọ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó sì kọ "Bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo rẹ̀.

Inú ìwé ni mo ti kọ́ iṣẹ́ aago, èmi nìkan, nínú yàrá kan. Mo rò pé bí orí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo fẹ́ kó dúró ju bí mo ṣe fẹ́ kó mọ̀wé lọ.

Ó yan kíkàwé nílé. Nínú ìdánwò kìíní, ó gba mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún.

"Tún un kà," mo ní.

"Mo ti tún un kà."

"Kà á sí i."

Kò yà lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo ní ìwé ló ń kà. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀, obìnrin tó ni ilé oògùn, bá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

"Kí lo fi ṣe ọmọ yìí? Kì í béèrè nǹkan kan mọ́. Lánàá, ẹni tí inú ń run ló ta oògùn ikọ́ fún."

Mo tẹ̀ lé e. Mo bá Aláròyé lẹ́yìn ilé ìtajà, lórí páálí, ìwé wà lórí itan rẹ̀. Ó na lẹ́tà kan sí mi. Ìdánwò kejì: méjìdínlọ́gbọ̀n. Bó bá tún kùnà ẹ̀ẹ̀kan sí i, wọ́n á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wá jókòó ní kíláàsì lè dé kí oṣù tó parí. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

"Ìgbà wo ló dé?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

"O ò sọ fún mi."

"O máa ní kí n tún un kà ni."

Mo jókòó tì í lórí páálí.

"Ojú ewé yìí, mo ti kà á lógún ìgbà," ó ní. "Mo ń bi í léèrè, kò dáhùn. Ní kíláàsì, màá nawọ́, wọ́n á dá mi lóhùn, màá jiyàn, ìgbà yẹn ló máa yé mi. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn." Omijé ń bọ́ sórí ìwé. "Bí mo bá lọ, mo pàdánù rẹ. Bí mo bá dúró, mo pàdánù ìwé. Ọkàn mi, kí ni kí n ṣe?"

Ẹ̀rù bà mí. Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ó wò mí títí. "Ìwọ náà dà bí ìwé yìí," ó ní jẹ́jẹ́.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, mi ò tún aago kankan ṣe. Ní ọjọ́ kẹrin, mo lọ bá ìyá mi níbi tó ti ń lẹ aṣọ.

"Èmi ni mo ṣì í lọ́nà," mo ní. "Ìdáhùn tèmi ló kọ sínú ìwé ìbéèrè. Kíkàwé nílé kò bá a mu."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé ó bá ọ mu kó lọ?"

"Rárá, mà. Ó ń pa mí."

"Kí ló wá dé?"

"Èmi kọ́ ló fẹ́ kàwé."

Ó já òwú. "Bó bá lọ, má mú u wọ ilé yìí mọ́."

"Mo gbọ́, mà."

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Aláròyé. "Ìwọ lo fẹ́ ẹ, ìwọ lo tún ń lé e lọ?" ó ní. Mi ò dìde títí ó fi gbà.

Ní ibùdókọ̀, Aláròyé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọkọ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé wàá dúró dè mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" ló wá sí mi lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ba tiẹ̀ jẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Mo gbé e mì. Mo di fèrèsé mú, mo sọ gbogbo rẹ̀: pé láti ọjọ́ aago ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀, pé ìmọ̀-tara-ẹni-nìkan ni mo fi dá ìbéèrè yẹn lóhùn, pé màá dúró fún ọdún mẹ́ta, pé bí wọ́n bá lé mi nílé, màá sùn ní ṣọ́ọ̀bù, pé ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Awakọ̀ fun fèrè.

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán," ìyá kan wí láti ẹ̀yìn. "Ó jọ pé ó ti pẹ́ nínú rẹ̀."

Ọkọ̀ gbéra. Mo ń sáré tẹ̀ lé e, mo ṣì ń sọ̀rọ̀. Òun ń sunkún, ó ń mi orí pé òun gbọ́.

Ọdún mẹ́ta ni. Ìbéèrè ló kún inú lẹ́tà rẹ̀. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní gígùn. Ìyá mi kò dárúkọ rẹ̀ rí. Oúnjẹ nìkan la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀: "Ó ti jinná." "Ẹ ṣé, mà." Ọjọ́ mìíràn wà tí mo rò pé ìyá àti ìyàwó ni mo máa pàdánù pa pọ̀.

Aláròyé dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kò wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí ìjókòó. Ìyá mi ló lọ bá a.

"Wọ́n ní o máa ń béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá mi wò mí. Ó wo yàrá. Ó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọlé wá," ó ní. "Ilé yìí ti dákẹ́ jù."