Ìtàn Tí Màríyámọ̀ Tẹ̀

Ọdún 2003 ni Elkanah kọ́kọ́ gbé ìwé wọ ṣọ́ọ̀bù tí Màríyámọ̀ ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní Kétu. Olùkọ́ ni, ó sì ń kọ ìtàn kéékèèké fún ìwé ìròyìn.

“Uncle, Yorùbá rèé àbí ẹsẹ̀ adìẹ? Kí lẹ kọ síbí?”

“‘Olólùfẹ́ mi’ ni.”

“Ẹ ṣáà má ní èmi lẹ̀ ń bá wí o.”

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Kọ̀ǹpútà náà ò mọ àmì ohùn í fi sórí ọ̀rọ̀, bíróò ni wọ́n fi ń fi í sórí ìwé tó bá ti jáde. Nígbà tó di ìtàn kẹta, wọ́n ti jọ ń jókòó fi í ni. Elkanah á máa fi oríkì pè é, á máa sọ̀rọ̀ àwọn àgbà òǹkọ̀wé.

“Àdùkẹ́ mi, etí làwọn yẹn fi ń kọ̀wé. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ lẹ́nu èèyàn ni wọ́n ń kọ.”

Kí n má purọ́, ìfẹ́ ọkùnrin náà ti kó sí Màríyámọ̀ lórí.

Ìyá rẹ̀, Àlàájà tó ń ta tòmátì ní Mile 12, kọ́kọ́ yarí. “Elkanah? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹ̀yin ọmọ yìí!” Ṣùgbọ́n nígbà tí Elkanah wá kí wọn, ó jẹun, ó sì tẹ́tí sí wọn débi pé ìyá sọ ohun tó jẹ́ pé Màríyámọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n: ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n bímọ kan, tí wọ́n gbé e sílẹ̀ fún ìyá bàbá ọmọ náà, tí wọ́n sì sá wá sí Èkó. Wọ́n sunkún, wọ́n nu ojú, wọ́n dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Elkanah gbé ìtàn tuntun dé. Kí Màríyámọ̀ tó tẹ ojú ewé kejì tán, ó ti rí ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Orúkọ nìkan ló yàtọ̀. Ó yẹ kó pariwo. Ṣùgbọ́n ìtàn náà dùn jù, ó sì tẹ̀ ẹ́ délẹ̀.

Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, Nojeem tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ ní Mile 12 kà á sókè fún àwọn ìyá ọjà. Wọ́n ń sunkún, wọn ò mọ̀ pé ẹni tó ni ìtàn jókòó láàárín àwọn.

“Kò gbọdọ̀ tẹ ilé mi mọ́,” ni Àlàájà wí.

“Jẹ́ kí n mú àwọn àgbà wá bẹ̀ wọ́n,” ni Elkanah wí fún Màríyámọ̀.

“Tí wọ́n bá béèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?”

“Mi ò ní dárúkọ ẹ.”

“Má wá, jọ̀ọ́.”

Kò sì wá.

Màríyámọ̀ ò sunkún. Ó retí kó dun òun, kò dùn ún. Ó ń tẹ ìwé ìgbéyàwó, ó ń tẹ ìwé òkú, bákan náà ni gbogbo ẹ̀ rí lójú rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé Elkanah ti gbéyàwó ní Abẹ́òkúta, ó ní ó dáa.

Ní 2008, Elkanah fi ìwé tó kó àwọn ìtàn rẹ̀ jọ ránṣẹ́ sí i. Ó kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé àwọn àgbà òǹkọ̀wé gbọ́ ìtàn púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí tí wọ́n gbé mì.

“Kà á fún mi,” ni ìyá rẹ̀ wí. Ọjọ́ mẹ́ta ni Màríyámọ̀ fi kà á tán.

“Tèmi dà?”

“Ó yọ ọ́, Màmi.”

“Ìyẹn ló sì dùn jù,” ni Àlàájà wí.

“Màmi, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.”

“Mo mọ̀. Ta ni ì bá tún tẹ̀ ẹ́?”

“Ẹ mọ̀? Láti ìgbà yẹn?”

“Inú bí mi, ta ni inú kì í bí? Òṣìkà gan-an là ń bẹ̀, áńbọ̀sì ìyá ẹni. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni mò ń ra omi tútù sílẹ̀, tí mò ń wo ojú ọ̀nà. Mo ní ẹ ó jọ wá bẹ̀ mí.”

Màríyámọ̀ pa ìwé náà dé.

“Ẹ ò wá,” ni ìyá rẹ̀ wí.