Ta Ló Kọ́kọ́ Sọ "Ṣe Lìádì"?

Nígbà tí tíṣà ìṣirò kò yọjú, Kifayah dìde, ó ní, "Ẹ kó ìwé yín, ó ti ṣe Lìádì." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Muhsinah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́! Lìádì ni ọlọ́kadà tó ń gbé àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì láti abúlé wá sí iléèwé ní Mọ́níyà. Bí wọ́n bá pè é lórí fóònù, á ní òun ti dé ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń wẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Muhsinah fi orúkọ rẹ̀ pe ìwà kí èèyàn ṣèlérí kó má yọjú. Kifayah ló wá gbé e dé kíláàsì. Kí oṣù tó parí, àwọn awakọ̀ àti oníṣòwò gàrí ti ń sọ ọ́ ní gáréèjì, Kifayah ni wọ́n sì ń yìn.

Òjòwú kò lẹ́ran láyà. Nígbà tí Lìádì gbé wọn délé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Muhsinah sọ fún un pé Kifayah ló sọ orúkọ rẹ̀ di yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dun Lìádì, nítorí àwọn oníbàárà ti ń fi í rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó gun ọ̀kadà ẹlòmíràn. Kifayah wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí, ìyẹn gbójú sílẹ̀. Ni Kifayah bá kúnlẹ̀.

"Èmi ni, bọ̀ọ̀dá. Ẹ má bínú."

Lìádì ní kó máa fẹsẹ̀ rìn.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fẹ́ ṣèdánwò Gẹ̀ẹ́sì, Muhsinah nìkan ló wà lẹ́yìn ọ̀kadà. Wọ́n bá Kifayah lọ́nà, bàtà lọ́wọ́, ó ń sáré. Ó ṣì juwọ́ sí wọn. Ara Muhsinah kò gbà á mọ́.

"Ẹ dúró, bọ̀ọ̀dá. Èmi ni mo dá a sọ. Owú ni mo jẹ."

Lìádì dá ọ̀kadà dúró. "Ìyàwó mi gan-an ti ń sọ ọ́ sí mi. Kò ṣeé gbà padà mọ́. Sọ̀ kalẹ̀."

Kifayah ló gbé lọ. Ìyẹn bẹ̀ ẹ́ títí kó gbé àwọn méjèèjì, Lìádì kò gbà.

Nígbà tí Muhsinah fi dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, tíṣà ti ń gba ìwé ìdánwò. Wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

"Ó ti ṣe Lìádì!" ọmọ kíláàsì kan ló pariwo bẹ́ẹ̀. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Kifayah nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ló ti yé Muhsinah pé ọ̀rọ̀ tó bá ti jáde lẹ́nu ẹni, gbogbo ayé ló ni ín. Owú tó fi jà lé e lórí nìkan ló jẹ́ tirẹ̀.