Ẹni Tó Kọ́kọ́ Sùn Níbẹ̀

Ojú ń kán Sàídù. Ẹ bá mi wò ó: fúláàtì tí bàbá ẹ̀ fi òógùn gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Àpápá, òun náà ló fẹ́ fi ṣe oògùn owó. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹbí ẹ̀ nìkan ló lè gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá fi háyà fún àlejò, wọ́n á gba ilé náà. Síbẹ̀, ó ti ní kí Tochukwu tó ń ta táyà ní Malu Road máa kó ẹrù bọ̀.

Bàbá Kọ́lọ́fín, oníṣègùn tó ń gbé lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ ojú omi ní Marine Beach, ló kọ́ Sàídù ní oògùn náà. Yàrá ẹ̀ ṣókùnkùn lọ́sàn-án gangan, ó ń rùn bí ẹja tó ti rà. Ó da ẹ̀jẹ̀ dúdú sínú agolo ọ̀dà funfun tí Sàídù gbé wá, ó ń fọwọ́ rò ó.

"Ẹnu ọ̀nà kì í kọ ẹni tó ń wọlé. Ẹní kì í kọ ẹni tí oorun ń kùn. Yàrá, ẹni tó bá kọ́kọ́ sùn nínú rẹ, má kọ̀ ọ́."

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ kí nìyẹn?"

"Ṣé owó lo wá gbà, àbí ìwé lo wá kà? Lọ kùn ún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sùn níbẹ̀ ti lọ nìyẹn."

Sàídù kun yàrá, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó kó kọ́kọ́rọ́ fún Ràdíátù àbúrò ẹ̀ pé kó bá òun fún Tochukwu, òun ń lọ sí wọ́ọ̀fù. Kò sọ fún un pé kó má wọlé. Kí ló máa ní ó fà á?

Ọmọ rere ni Ràdíátù, ìyẹn ló kó bá a. Ó gbọ́ nísàlẹ̀ pé àwọn olóyè ẹgbẹ́ ń bọ̀ wá yẹ ilé wò. Ó ní kí Tochukwu padà wá lọ́la. "Nó wàhálà, àǹtí," ni ìyẹn wí, ó sì lọ. Ràdíátù bá wọlé, ó dùbúlẹ̀ dè wọ́n, kí wọ́n lè bá ọmọ onílé nílé. Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, mo ti bá yín bò ó. Bẹ́ẹ̀dì yìí mà dùn o. Oorun ti ń kùn mí."

"Ràdí, dìde níbẹ̀. Jáde!"

Èémí nìkan ló gbọ́.

Ọ̀kadà ló gbé e débẹ̀. Ògiri funfun ń làágùn. Ràdíátù jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ojú ẹ̀ là sílẹ̀, kò mọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀fun ẹ̀ wú, ẹnu ẹ̀ ya, owó tuntun ń tú jáde, etí owó ń gé e létè, ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀lé e. Sàídù ń fọwọ́ dí i lẹ́nu, ó ń sunkún. Owó ò dúró. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ ò tiẹ̀ wá mọ́.

Ó pe Bàbá Kọ́lọ́fín. "Àbúrò mi ni, bàbá. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Omi ti dànù. Sun owó náà níná, àbúrò ẹ á kú, á sinmi. Bó o bá ná an, bó ṣe máa jókòó nìyẹn, tí á máa pọ̀ ọ́."

Sàídù ṣáná. Fóònù dún: ìyá wọn ni, láti ilé ní Boundary.

"Sàídù, mi ò rí Ràdí látàárọ̀. Ṣé ọ̀dọ̀ ẹ ló wà?"

Ó wo àbúrò ẹ̀. Ó wo owó nílẹ̀. Ó fẹ́ iná pa.

"Rárá, màámi. Mi ò rí i."

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó lọ wá àpò.